Ìtutù kò jọ òtútù

Ìbéèrè: Ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, tí wọ́n bá ní olóyè kan ní ìtutù, ṣé ẹni tí kì í bínú ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Inú ń bí oníwà tútù. Kì í kàn fi ìbínú sọ̀rọ̀ ni. Ẹ wo òpó tí Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀, gbẹ́ sí ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, láàárín 1910 sí 1914, tó wà ní Chicago báyìí. Lára òpó náà, ọba jókòó, ayaba àgbà dúró gbọn-in lẹ́yìn rẹ̀, ó ga jù ú lọ. Síbẹ̀ ojú ọba tòrò minimini. Ìtutù gan-an nìyẹn. Ẹ lè sọ pé, “Ó fi ìtutù dá wọn lóhùn.” Ṣùgbọ́n ìtutù kọ́ ni ti ẹni tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n nínú òjò; òtútù ló mú un.