Ọ̀pá Méjì fún Àpótí Ẹja: Bí Omi Ṣe Lè Máa Sọ̀kalẹ̀ Láìpariwo

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi kò ní ọ̀tá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi tí ó bá ti kúrò nínú ohun tí a rọ ọ́ sí, tí ó ń ṣàn kiri inú yàrá ní òru, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe lè fi ọwọ́ ara wa ṣe ọ̀nà àkúnwọ́sílẹ̀ fún àpótí gíláàsì tí a ń sin ẹja sí nínú ilé, lọ́nà tí kò fi ní í pariwo, tí kò sì ní í fa omíyalé.

Ìdí mìíràn tún wà tí mo fi yan iṣẹ́ yìí. Àwọn kan ṣì ń sọ pé èdè Yorùbá kò lè gbé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ètò Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, ti fi hàn pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi èdè yìí kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Iṣẹ́ páìpù náà kò ju agbára rẹ̀ lọ.

ÌRÌN-ÀJÒ OMI

Àpótí méjì ni ètò yìí ń lò. Ọ̀kan wà lókè, inú rẹ̀ ni ẹja ń gbé. Èkejì wà ní ìsàlẹ̀, lábẹ́ tábìlì. Ibẹ̀ ni asẹ́ tí ó ń fọ omi mọ́ wà, ibẹ̀ náà sì ni pọ́ǹpù wà. Pọ́ǹpù ń gbé omi láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè. Èyí tí ó bá pọ̀jù lókè á tún bá ọ̀pá sọ̀kalẹ̀.

Kí a kíyè sí i pé agbára iná ni ó ń gbé omi gòkè, ṣùgbọ́n ìwúwo omi fúnra rẹ̀ ni ó ń mú un sọ̀kalẹ̀. Nítorí náà, bí iná bá lọ, omi kò gòkè mọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà lókè ṣì ń sọ̀kalẹ̀. Bí àyè kò bá sí nísàlẹ̀, ilẹ̀ ni yóò dà sí. Bákan náà, bí ọ̀pá bá dí, omi kò sọ̀kalẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n pọ́ǹpù kò mọ̀. Yóò máa gbé e lọ sókè títí yóò fi kún wọ́ sílẹ̀. Ọ̀nà méjì tí omíyalé ń gbà wá nìyí. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí iná ti lè lọ kí ó sì tún dé lẹ́ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ tó mọ́, a kò lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyíkéyìí nínú wọn.

KÍ NI Ó Ń PARIWO?

Ẹni tí ó bá ti da omi láti inú kèrègbè ọlọ́rùn tóóró rí mọ̀ pé ó máa ń dún gbùlù-gbùlù. Ohun tí ó fà á ni pé bí omi ti ń jáde ni afẹ́fẹ́ ń wọlé, ọ̀nà kan ṣoṣo sì ni àwọn méjèèjì ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyẹn nínú ọ̀pá àkúnwọ́sílẹ̀ tí kò kún. Omi á wọ́ afẹ́fẹ́ wọlé. Ọ̀pá á kún lójijì, á fa omi ṣọ̀ọ̀, á tún mí afẹ́fẹ́ sínú, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ariwo yìí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fi rọ́bà fa epo láti inú táǹkì mọ́tò rí yóò tún mọ nǹkan mìíràn. Bí epo bá ti kún inú rọ́bà náà, ó ń ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́, kò pariwo, kò sì dúró, níwọ̀n ìgbà tí afẹ́fẹ́ kò bá ti wọlé. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ ni pé omi nìkan kì í pariwo nínú ọ̀pá. Àdàpọ̀ omi àti afẹ́fẹ́ ni ó ń pariwo.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà yanjú èyí. Èkíní ni kí a da ihò kékeré sí orí ọ̀pá kí afẹ́fẹ́ lè ní ọ̀nà tirẹ̀. Ọ̀nà yìí ni wọ́n ń fi orúkọ Richard Durso pè ní Amẹ́ríkà. Ó ń dín ariwo kù, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú ọ̀pá. Èkejì ni kí a lé afẹ́fẹ́ jáde pátápátá. Èyí ni àwọn olùsìn ẹja níbẹ̀ ń pè ní Herbie, òun sì ni mo yàn.

IṢẸ́ Ọ̀PÁ KỌ̀Ọ̀KAN

Ọ̀pá kìíní ni mo pè ní ọ̀pá àkúnṣàn, nítorí pé kíkún ni ó gbọ́dọ̀ máa kún kí ó tó máa ṣàn. A ó fi géètì fáàfù sí i lẹ́sẹ̀, a ó sì máa dín ẹnu rẹ̀ kù títí omi tí ó ń sọ̀kalẹ̀ yóò fi bá èyí tí pọ́ǹpù ń gbé gòkè dọ́gba.

Ṣùgbọ́n ọ̀pá tí a ti dín ẹnu rẹ̀ kù báyìí kò ní àyè ìfara-dà. Ewé kan tàbí ìgbín kékeré kan tó láti dí i. Ìdí nìyí tí ọ̀pá kejì fi pọn dandan. Mo pè é ní ọ̀pá ìṣọ́. Ẹnu rẹ̀ ga ju ti èkíní lọ, a kì í fi fáàfù kankan sí i, ó sì gbọ́dọ̀ lè gbé gbogbo omi pọ́ǹpù ní òun nìkan. Òun ni ọlọ́pàá ilé. Bí èkíní bá dí, omi á gòkè díẹ̀, á wọ inú èkejì, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ariwo yẹn wúlò, nítorí pé òun ni yóò jí onílé pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe pé a pa ariwo run. A fi í pamọ́ de ọjọ́ ewu ni.

ÌWỌ̀N ÀTI ÌṢIRÒ

Ẹ jẹ́ kí a mú àpótí kan tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, tí ó fẹ̀ ní 45, tí ó sì ga ní 50. Sẹ̀ǹtímítà kan omi nínú rẹ̀ jẹ́ lítà 5.4. Ní igun kan, a ó fi gíláàsì la yàrá ọ̀pá tí ó jẹ́ 15 sí 15. Etí ògiri rẹ̀ yóò ní eyín bí òòyà kí ẹja má baà kọjá, ìdí eyín náà yóò sì ga ní 45 láti ìsàlẹ̀. Nínú yàrá yìí, ẹnu ọ̀pá ìṣọ́ yóò ga ní 40, ti ọ̀pá àkúnṣàn yóò sì ga ní 25.

Bí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́, omi àpótí á ga ju ìdí eyín lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Bí iná bá lọ, lítà 5.4 yẹn á sọ̀kalẹ̀, pẹ̀lú nǹkan bíi lítà 3.4 láti inú yàrá ọ̀pá, àti èyí tí ó kù nínú àwọn páìpù. Bí a bá fi àyè lítà 15 sílẹ̀ nínú àpótí ìsàlẹ̀, ọkàn wa balẹ̀. Ẹnu páìpù tí ó ń gbé omi gòkè kò gbọdọ̀ rì jìnnà sínú omi lókè, nítorí pé sẹ̀ǹtímítà 3 péré lábẹ́ ìdí eyín lè fa lítà 16 mìíràn padà sísàlẹ̀.

Ìṣirò kejì ni ti ọjọ́ tí ọ̀pá méjèèjì bá dí. Pọ́ǹpù tí ó ń gbé lítà 1000 ní wákàtí kan ń gbé nǹkan bíi lítà 17 ní ìṣẹ́jú kan. Àyè tí ó kù lókè jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4, ìyẹn lítà 21.6. Nítorí náà, kí omi tí pọ́ǹpù lè rí fà nínú yàrá tirẹ̀ nísàlẹ̀ má ju lítà 20 lọ. Bí ó bá fà á tán, kò ní rí òmíràn gbé.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

(a) Kí omi tó wọ inú àpótí ni kí a ti lu ihò méjì sí ìdí yàrá ọ̀pá. Irin ìluhò oní-dáyámọ́ńdì ni a ń lò, a sì ń da omi sí i bí a ti ń lù ú. Gíláàsì tí a ti fi iná mú le kò ṣe é lù. Fífọ́ ni yóò fọ́ yángá.

(b) Kí a fi táǹkì kọ́nẹ́tọ̀ sí ihò kọ̀ọ̀kan, kí a sì so páìpù rọ́bà oní-ínǹṣì kan mọ́ ọn. Ó tó fún pọ́ǹpù lítà 1000.

(d) Kí a fi géètì fáàfù sí ọ̀pá àkúnṣàn. Èyí tí a ń yí díẹ̀díẹ̀ ni ó dára, kì í ṣe èyí tí ó ń ṣí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

(e) Kí ẹsẹ̀ ọ̀pá àkúnṣàn wọ inú omi ìsàlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 péré. Bí ó bá jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde nígbà tí iná bá dé.

(ẹ) Kí ẹsẹ̀ ọ̀pá ìṣọ́ dúró lókè omi, kí a lè gbọ́ ohùn rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, a ó tan pọ́ǹpù, a ó ṣí fáàfù sílẹ̀ gbayawu, a ó sì máa yí i pa díẹ̀díẹ̀ títí omi yàrá ọ̀pá yóò fi dúró sí ẹnu ọ̀pá ìṣọ́. Díẹ̀ lè máa yọ́ wọ inú rẹ̀, kí ó máa fara ra ògiri páìpù lọ sísàlẹ̀. Irú èyí kì í dún. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọ̀pá ìṣọ́ rẹ̀ gbẹ pátápátá lè fi ọ̀pá kẹta kún un.

ÌDÁNWÒ

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Kí ẹja tó wọ inú rẹ̀, ìdánwò mẹ́ta ni a gbọ́dọ̀ ṣe. Èkíní, kí a ti fáàfù pa pátá, kí a wò ó bóyá ọ̀pá ìṣọ́ nìkan lè gbé omi náà. Èkejì, kí a pa iná, kí a wo ibi tí omi ìsàlẹ̀ yóò gòkè dé. Ẹ̀kẹta, kí a tún tan iná láìfọwọ́ kan nǹkan kan: á kọ́kọ́ dún gbùlù-gbùlù, á lé afẹ́fẹ́ jáde, á sì dákẹ́ fúnra rẹ̀. Èyí tí kò bá yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò yẹ ní fífi sílẹ̀ sùn.

ÌGÚNLẸ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìdákẹ́jẹ́ àti ààbò kì í ṣe ohun kan náà. Ọ̀pá kìíní fún wa ní ìdákẹ́jẹ́, ọ̀pá kejì fún wa ní ààbò, ẹni tí ó bá sì yọ èkejì kúrò nítorí pé kò ń ṣe nǹkan kan lójoojúmọ́ kò tí ì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ní ti èdè, ohun tí mo nílò kò ju kèrègbè, òòyà àti rọ́bà epo lọ láti fi ṣàlàyé rẹ̀. Mo rọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kí ẹ mú iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn, kí ẹ sì dán irú rẹ̀ wò nínú ìwé ìròyìn wa tí ń bọ̀.