Nígbà tí Ìjọba bá Fẹ́ Mú Títì Gbòòrò

Nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ pinnu láti sọ títì Ìbàdàn sí Ìlọrin di oníbejì, ọ̀nà mẹ́ta ni a pín iṣẹ́ náà sí: Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìlọrin. Èyí èkíní la ilẹ̀ Afijió kọjá, níbi tí Akínmọ̀rìn, Fìdítì àti Ìlọrà wà. Ó yẹ kí onílé àti àgbẹ̀ mọ ìgbà tí ó tọ́ láti sọ̀rọ̀ nípa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Òfin ọdún 1992 ní kí a ṣe àyẹ̀wò ohun tí títì márosẹ̀ yóò ṣe sí àyíká, kí a sì gbọ́ ohùn ará ìlú kí ìjọba tó ṣe ìpinnu. A máa ń pàtẹ ìwé àyẹ̀wò náà fún ọjọ́ iṣẹ́ 21. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gbọ́ nípa rẹ̀ títí wọn yóò fi rí àmì pupa lára ògiri wọn. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ owó nìkan ni ó kù.

Owó gbà-má-bínú ńkọ́? Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ní kí a san án lórí ilé àti irè oko. Iye tí a lè fi kọ́ irú ilé náà ni a ó san, lẹ́yìn tí a bá yọ ti ogbó rẹ̀ kúrò. Nítorí náà, ilé alámọ̀ kì í mú owó púpọ̀ wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni a sin baba sí. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti àjọni, Gómìnà lè ní kí a san owó náà fún olórí ìlú, kí ó lò ó fún ire gbogbo wọn. Níhìn-ín ni ìjà ti sábà ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ìpàdé, kí a máa pariwo pé a fẹ́ títì kò tó. Ta ni kò fẹ́ títì? Ohun tí kò sí nínú àwòrán àwọn awọnlẹ̀ ni kí a sọ: ibi tí àgbàrá ń gbà ní oṣù kẹsàn-án, ibi tí ọmọ ilé-ìwé ti ń sọdá, ibojì, odò tí a ń pọn. Bí a kò bá fi àyè sílẹ̀ láàárín títì oníbejì, ẹni tí oko rẹ̀ wà ní òdì kejì yóò rìn jìnnà kí ó tó débẹ̀. Àwọn obìnrin mọ nǹkan wọ̀nyí dáadáa, ṣùgbọ́n a kì í sábà pè wọ́n jókòó.

Kí a kọ ohun tí a sọ sínú ìwé, kí a fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ ní Jọbẹ́lẹ̀, kí ìlú sì pa ẹ̀dà tí a tẹ̀ lóǹtẹ̀ mọ́. Kí olúkúlùkù àgbẹ̀ sì ka igi ọsàn àti igi kòkó rẹ̀ níṣojú ẹlẹ́rìí kí katakata tó wọ oko.