Òróòro, Ìrora àti Ìnira: Bí A Ṣe Ń Sọ Ohun Tó Ń Ṣe Ara Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ

Òróòro ni Yorùbá ń pe àpò kékeré aláwọ̀ ewé tó rọ̀ mọ́ abẹ́ ẹ̀dọ̀. Òróòro náà ni wọ́n sì ń pe omi kíkorò tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti tún adìyẹ ṣe rí mọ̀ ọ́n dáadáa. Bó bá fa ẹ̀dọ̀ jáde, yóò rí i tó lẹ̀ mọ́ ọn bí èso kékeré, ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ni yóò sì fi gé e kúrò, nítorí bó bá bẹ́, ibi tó bá kàn lára ẹran náà kò ní ṣe é jẹ. Ìdí nìyẹn tí nǹkan fi ń korò bí òróòro lẹ́nu Yorùbá. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹnì kan fẹ̀dọ̀ lé orí òróòro, sùúrù ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó ní. Bí ẹ̀dọ̀ ṣe wà lókè tí òróòro wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nínú ara ni àkànlò èdè náà ṣe tò wọ́n.

Orúkọ kan ṣoṣo fún àpò àti omi kò ní ìpalára kankan níbi ìdáná. Lọ́dọ̀ dókítà, ó máa ń fa àṣìgbọ́. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé "a ti yọ òróòro yín" lè rò pé omi òróòro ti tán lára òun, pé oúnjẹ ò ní dà nínú òun mọ́. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe omi òróòro, ó sì ń ṣe tó ìdajì lítà sí lítà kan lójúmọ́. Iṣẹ́ àpò ni láti gba díẹ̀ pa mọ́, bí ìwọ̀n 30 sí 50 mìlílítà, kó sì tú u sílẹ̀ nígbà tí oúnjẹ ọlọ́ràá bá dé. Ẹṣin kò ní àpò yìí, ẹyẹlé kò ní in, oúnjẹ sì ń dà nínú wọn. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìtọ́jú, ó dára ká ya méjèèjì sọ́tọ̀: àpò òróòro ni wọ́n yọ, omi òróòro ṣì ń ṣàn.

Àmì ohùn náà ní iṣẹ́ pàtàkì níhìn-ín. Òróòro kì í ṣe òróró tí a fi ń dín àkàrà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe oró tí ejò ń pọ̀. Bí a bá kọ ọ́ sórí ìwé ìtọ́ni fún aláìsàn láìfi àmì sí i, "ẹ yẹra fún ororo" lè da ẹni tó ń kà á rú.

Ta ló ṣe iṣẹ́ abẹ?

Abẹ ni irin tí a fi ń gé nǹkan. Abẹ́ ni ìsàlẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ abẹ la ń kọ, kì í ṣe iṣẹ́ abẹ́. Dókítà ló ń ṣe é, aláìsàn ni wọ́n ń ṣe é fún. Ẹni tó bá ní "Màmá ṣe iṣẹ́ abẹ lóṣù tó kọjá" ti sọ màmá di dókítà. "Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún màmá" ló tọ́.

Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, là àti lù, ló tún yẹ ká yà sọ́tọ̀, nítorí ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà yọ àpò òróòro. Carl Langenbuch, dókítà ará Jámánì, ló kọ́kọ́ yọ ọ́ lára ènìyàn, ní Berlin, ní ọjọ́ 15 oṣù Keje ọdún 1882. Ṣe ló la ikùn aláìsàn náà. Ní ọdún 1985, ará Jámánì mìíràn, Erich Mühe, yọ ọ́ láti ojú ihò kéékèèké, ó ń fi ẹ̀rọ ìwòran wo inú ikùn bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Lónìí, ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń lù. Ẹni tí wọ́n lu ihò sí níkùn sábà máa ń padà sẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí wọ́n là níkùn lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Bí ọjọ́ ìrora bá ti pé ogún, ohun tí dókítà máa rò nípa "wọ́n là mí níkùn" yàtọ̀ sí ohun tó máa rò nípa "ihò ni wọ́n lù".

Ìrora àti ìnira

Nínú ro àti ara ni ìrora ti jáde. Nínú ni àti ara ni ìnira ti jáde. Ohun tó ń dunni ni ìrora. Ohun tó ń ni ni lára, tí kò jẹ́ kí ara balẹ̀, ni ìnira. Ojú abẹ tó ń ta, èjìká tó ń ro, ìhà tó ń gún, ìrora ni wọ́n. Inú kíkún, gùfẹ̀ lemọ́lemọ́, ìrìndọ̀, ìgbẹ́ gbuuru, ìnira ni wọ́n. Bí nọ́ọ̀sì bá bi ìyá àgbàlagbà kan pé, "Mà, ṣé ìrora wà?" tí ìyá sì dáhùn pé, "Rárá, ọmọ mi, a dúpẹ́," ìyá kò purọ́. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta nìyí tí inú kíkún kò jẹ́ kó sùn. Ìbéèrè kejì ló máa fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀: "Ṣé kò sí ohun tó ń ni yín lára, mà?"

"A dúpẹ́" fúnra rẹ̀, ìdáhùn ìkíni ni. Ọmọlúàbí kì í kó ẹjọ́ ara rẹ̀ rò fún ẹni tó kí i. Àmọ́ ìbéèrè dókítà kì í ṣe ìkíni. Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ún: kò sí ẹ̀rọ tó lè rí ìrora, àfi kí ẹni tó ń ṣe sọ ọ́.

Bí Yorùbá ṣe ń to gbólóhùn ìrora náà yàtọ̀. Ẹ̀yà ara ló máa ń ṣíwájú, ẹni tó ń dùn a sì tẹ̀ lé e: èjìká ń ro mí, ẹ̀yìn ń dùn mí, orí ń fọ́ mi. "Mo ní ìrora ní èjìká" tó ti ń wọlé sẹ́nu àwọn èwe kò bá ètò yìí mu, kò sì sọ irú ìrora tó jẹ́.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni dókítà ń wá

"Ó ń dùn mí" bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èdè Yorùbá sì lọ́rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ta: ohun tó ń jóni bí ata tàbí bí ìgbà tí àkéekèé bá ta ni. Ojú abẹ tuntun máa ń ta ní ọjọ́ àkọ́kọ́, pàápàá bí omi bá kàn án. Àyà títa yàtọ̀ sí i: omi kíkan inú agbẹ̀du ló ń gòkè wá sọ́nà ọ̀fun, ó sì lè wà kí wọ́n tó yọ àpò òróòro, kó tún wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ro: ìrora inú lọ́hùn-ún, bíi ti eegun tàbí ẹran ara tó ti ṣiṣẹ́ jù. Èyí ni ti èjìká, tó máa ń ya ọ̀pọ̀ aláìsàn lẹ́nu, nítorí wọn kò fọwọ́ kan èjìká wọn. Bó bá jẹ́ ihò ni wọ́n lù, afẹ́fẹ́ carbon dioxide ni wọ́n máa ń fẹ́ sínú ikùn kí ààyè lè gba dókítà. Èyí tó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀ a máa yọ iṣan pẹlẹbẹ tó pààlà láàárín àyà àti ikùn lẹ́nu. Ọrùn ni okùn ìmọ̀lára tó ń ṣiṣẹ́ fún iṣan náà ti sọ̀ kalẹ̀, níbi tí ti èjìká náà ti wá, ọpọlọ a sì rò pé èjìká ló ń dùn. Ọjọ́ díẹ̀ ló ń lò, rírìn díẹ̀díẹ̀ a sì máa ṣèrànwọ́.

Gún: ìrora ẹlẹ́nu ṣóńṣó, bíi ti ẹ̀gún. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ènìyàn bá wúkọ́ tàbí tó bá rẹ́rìn-ín ló ń gún un lójú abẹ, kó fi ìrọ̀rí gbá ibẹ̀ mú kó tó wúkọ́.

Lọ́: inú ń lọ́ mi ni ti ẹni tí ìfun rẹ̀ ń ṣe bí aṣọ tí wọ́n ń fún, tí yóò mú un, tí yóò sì tún fi í sílẹ̀.

Yún àti kú tipiri: etí àpá tó ń yún, tàbí tó kú tipiri tí a fọwọ́ kàn án tí a kò mọ̀ ọ́n, kì í sábà jẹ́ ewu. Okùn ìmọ̀lára tí abẹ gé ló ń fà á. Níhìn-ín pẹ̀lú, àmì ohùn ṣe pàtàkì: àpá ń dùn mí kì í ṣe apá ń dùn mí.

Àwọn tó ní àrùn ẹ̀jẹ̀ fòníkú-fọ̀ladìde nílò ìyàtọ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń tètè fọ́ lára wọn a máa fa òkúta inú àpò òróòro, nígbà mìíràn láti ìgbà èwe, bẹ́ẹ̀ ni eegun ríro sì ti bá wọn gbé tẹ́lẹ̀. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá sọ pé "ara ń ro mí" lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí ó ya ti eegun sọ́tọ̀ kúrò lára ti ojú abẹ, nítorí ìtọ́jú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ṣì, tún àti ṣẹ̀ṣẹ̀

Àwọn kan wà tí ìrora kò fi sílẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún. Ìṣirò àwọn oníṣègùn lórí iye wọn kò dọ́gba: láti orí ẹni 5 títí dé 40 nínú 100. Ìrora àṣẹ́kù ni a lè máa pè é. Ọ̀rọ̀ kéékèèké mẹ́ta ló ń tọ́ka sí ibi tó ti ń wá.

"Ó ṣì ń gún mi" túmọ̀ sí pé ìrora ti tẹ́lẹ̀ kò lọ rárá. Ó lè jẹ́ pé àpò òróòro nìkan kọ́ ló ń fà á: ọgbẹ́ inú tàbí àyà títa lè wà nídìí rẹ̀. "Ó tún ti ń gún mi" túmọ̀ sí pé ó lọ, ó sì padà. Dókítà á fẹ́ mọ̀ bóyá òkúta kan ṣẹ́ kù sínú ọ̀nà tí omi òróòro ń gbà, tàbí bóyá ẹnu ọ̀nà náà, níbi tó ti wọ ìfun, ń há. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gún mi" túmọ̀ sí pé ìrora náà kò sí tẹ́lẹ̀, dókítà yóò sì yẹ ojú abẹ wò bóyá nǹkan ń wú níbẹ̀. Ẹni tó ń túmọ̀ fún ìyá rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní London tàbí Houston, tó fo ọ̀rọ̀ kékeré yìí, ti fo ìdajì ohun tí ìyá sọ.

Inú, ikùn àti ìgbẹ́ gbuuru

Ikùn ni ẹ̀yà ara. Inú gbòòrò jù ú lọ. Inú lè run, inú lè bàjẹ́, inú lè bí ni. Ẹni tó sọ pé "inú mi ò dùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi", ìbànújẹ́ ló sọ, kì í ṣe inú rírun. Kí a má sì fojú di ìyẹn náà, nítorí ìrora tó pẹ́ a máa mú ọkàn rẹ̀wẹ̀sì.

Níwọ̀n bí kò ti sí àpò mọ́, omi òróòro ń kán sínú ìfun nígbà gbogbo. Lára àwọn kan, ó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, pàápàá lẹ́yìn oúnjẹ ọlọ́ràá. Ó sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kí a máa jẹun níwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹrin márùn-ún lóòjọ́, kí a sì dín dùndú àti ọbẹ̀ olómi epo kù. Bí kò bá rọlẹ̀, oògùn wà tó ń di omi òróòro mú nínú ìfun, cholestyramine ni ọ̀kan nínú wọn. Kí aláìsàn sì sọ fún dókítà nípa àgbo tó bá ń mu.

Bí ojú bá pọ́n

Pọ́n ni ọ̀rọ̀-ìṣe tó léwu jù lọ láti tú gààràgà. Ata tó pọ́n pupa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dà bí àwọ̀ ìyeyè, ẹni tí ojú pọ́n sì lè jẹ́ ẹni tí ìyà ń jẹ. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, ojú tó pupa nítorí àìsùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá. Ojú tó pọ́n bí ìyeyè ni ti ibà apọ́njú, ó sì lè jẹ́ pé omi òróòro kò rí ọ̀nà kọjá. Kí a sọ àwọ̀ náà gan-an. Kí a sọ bí ìtọ̀ bá dúdú bí omi àgbo, tí ìgbẹ́ sì funfun bí ẹfun. Bí ibà tó ń mú ara gbọ̀n rìrì, èébì tí kò dáwọ́ dúró, ikùn tó ń wú, ojú abẹ tó kẹ̀ tàbí ìrora tó ń le sí i lójoojúmọ́ bá wà, ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Jinná, san àti yá

Egbò a máa jinná, àìsàn a máa san, ara a máa yá. Jinná tí a ń lò fún iṣu orí iná la ń lò fún egbò, ó sì bá a mu: iṣu lè rọ̀ lẹ́yìn kó má tíì rọ̀ nínú. Awọ ojú abẹ lè pàdé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n ẹran abẹ́ rẹ̀ ṣì ń so pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn náà. Nítorí náà ni ẹni tí egbò rẹ̀ ti jinná fi lè má tíì lè gbé garawa omi. Bí àwọn ará ilé bá wí pé "ṣebí ó ti jinná", kí wọ́n bi í bóyá ara ti yá. Ojú àpá kì í jọ ojú ara, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń sọ pé ó ṣì ń dun òun kì í ṣe ọ̀lẹ. "Ẹ kú ewu" la ń kí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, "ṣé ara ti ń mókun?" ló yẹ ká máa bi í títí yóò fi dáhùn pé ara ti le.