Ṣé O Mọ̀ Ọ́n ni, àbí O Gbà Á Gbọ́?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi náà bá wọn pariwo pé, "A mọ ẹni tó jí owó kíláàsì!" Kí a tó dé Òjúẹlẹ́gba, ọ̀rọ̀ ti tàn. Inú ìwé ẹni tó ń kó owó jọ la ti padà rí i.

Plato, ará Gíríìsì àtijọ́, sọ pé bí ìdájọ́ tiẹ̀ tọ̀nà, adájọ́ tó kàn gbọ́ ọ kò tíì mọ̀. Ẹni tó ṣojú rẹ̀ ló mọ̀. Lóde òní, Hallen àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Sodipo bi àwọn oníṣègùn Yorùbá. Ìwé wọn jáde ní 1986. Ohun tójú rí ni ìmọ̀. Ohun tá a gbọ́ tá a gbà, ìgbàgbọ́ ni, títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwa ò yẹ̀ ẹ́ wò ká tó pe ọmọlọ́mọ lólè. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ìwọ ńkọ́?