Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Obìnrin Tó Ti Ń Súnmọ́ Àádọ́ta Ọdún

Ẹ̀yin ọmọ mi obìnrin ní Àgọ́ Aláyè, àti ẹ̀yin tí ẹ ti lọ jókòó ti ṣọ́ọ̀bù ní Ọ̀rẹ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹjọ́ kan náà ni àwọn obìnrin tó ti lé lógójì ọdún máa ń rò fún wa: orúnkún ń dùn wọ́n, ìbàdí ń ro wọ́n, ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru. Wọ́n á ní àgbà ló dé. Àgbà lọ́wọ́ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló ní àtúnṣe, àtúnṣe náà kò sì gba owó.

1. Iṣẹ́ oko nìkan kò tó. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní, "Màmá, àwa tí à ń lọ sóko kòkó, tí à ń ru ẹrù bọ̀, kí la tún fẹ́ fi eré ìdárayá ṣe?" Iṣẹ́ oko ń mú ara ṣiṣẹ́, n kò jiyàn. Àmọ́ ẹni tó tẹ̀ ba roko láti àárọ̀, tó délé tó tún tẹ̀ ba gbálẹ̀, tó tún tẹ̀ ba fọṣọ, ìgbà wo ni ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́ nà? Ibì kan nínú ara ń ṣe àṣejù, ibòmíràn ń sùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ṣọ́ọ̀bù ni mo tilẹ̀ ń bẹ̀rù fún jù. Ọ̀kadà ló ń gbé yín lọ, ọ̀kadà ló ń gbé yín bọ̀, ọmọ iṣẹ́ ló ń bá yín gbé ọjà sókè sódò, orí àga lẹ sì wà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní ọdún 1953, dókítà kan tó ń jẹ́ Jerry Morris gbé ìwádìí jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní London. Dírẹ́bà ń jókòó látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kọ̀ńdọ́ ń gun àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì lọ sókè sódò láti gba owó. Àwọn dírẹ́bà ni àrùn ọkàn ń mú jù. Ilé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ìjókòó wà lára ohun tó ya wọ́n sọ́tọ̀.

2. Ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara yín. Láàárín ọmọ ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń dáwọ́ dúró. Ooru á máa sọ lára lóru, oorun á dá, ọkàn á máa gbóná láìnídìí, ọ̀rá á máa kó jọ síkùn. Ẹ dákun, kì í ṣe ayé ló ń ṣe yín. Èròjà ara obìnrin kan tó ń bá wa tọ́jú eegun ló ń dín kù, eegun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́ láìjẹ́ pé ó dun èèyàn rárá. Ọjọ́ tí obìnrin bá yọ̀ ní balùwẹ̀, tó fọwọ́ ti ilẹ̀, tí ọrùn ọwọ́ ṣẹ́, ọjọ́ náà ló máa tó mọ̀. Iṣan ara pẹ̀lú ń joro bí a kò bá lò ó. Bí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, tó ń fa eegun, eegun náà á máa di ara rẹ̀ mú. Ìdí nìyí tí ìrìn nìkan kò fi tó. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ohun tó ń fún iṣan lágbára, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

3. Kékeré ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa mú ara ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀ kan. Kí iye yẹn má dẹ́rù bà yín. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ní ohun tí kò bá pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò sí nínú ìṣirò. Ní ọdún 2020 wọ́n mú òfin yẹn kúrò. Ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀, márùn-ún lọ́sàn-án, ó wà níbẹ̀. Ọdún 1928 ni àwọn ará Japan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ orin eré ìdárayá lórí rédíò, bí ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, arúgbó àti ọmọdé jọ ń ṣe é. Ó pẹ́ nítorí pé kò pọ̀.

4. Ohun tí ẹ máa ṣe rèé. Kí ẹ tó wẹ̀ láàárọ̀, ẹ gbé àga sídìí ògiri kó má baà yẹ̀. Kì í ṣe àpótí ìdáná o, ìyẹn ti kúrú jù fún orúnkún tó ń dunni. Ẹ jókòó, ẹ dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí ó bá le, ẹ fọwọ́ ti itan fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ kọjú sí ògiri, ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e, ẹ fi àyà súnmọ́ ọn, ẹ ti ara yín padà, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ di férémù ilẹ̀kùn mú, ẹ gbé gìgísẹ̀ sókè, ẹ dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ẹ rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ọwọ́ yín nítòsí ògiri, kí ẹ ka ení títí dé ẹ̀wá, kí ẹ sì pààrọ̀ ẹsẹ̀. Èyí lè dín ìṣubú kù lọ́jọ́ iwájú. Ẹ má ṣe séèmí o. Ẹ máa mí síta nígbà tí agbára bá ń jáde. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bí ó bá ti rọrùn jù, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kí ẹ gbé ìgò omi méjì dání.

5. Èyí tí ẹ kì í fẹ́ sọ: ìtọ̀ tó ń jò nígbà tí ẹ bá wúkọ́, tí ẹ bá sín tàbí tí ẹ bá rẹ́rìn-ín. Ọmọ bíbí ló sábà máa ń fà á, kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ fún ojú ara yín pọ̀ bí ẹni tó ń dá ìtọ̀ dúró, ẹ ka márùn-ún, ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ní ìgbà mẹ́ta lójúmọ́. Ẹ lè wà lórí ìjókòó nínú ọjà kí ẹ máa ṣe é, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Ó máa ń tó oṣù mẹ́ta kí ẹ tó rí ìyàtọ̀ gidi, ẹ má jáwọ́.

6. Ẹ máa rìn, ẹ máa jó. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà kí ẹ tó délé, kí ẹ fẹsẹ̀ rin ìyókù. Kí ìrìn náà yá dé ibi tí ẹ ti lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin. Ijó ṣọ́ọ̀ṣì àti ti òde àríyá wà nínú ìṣirò pẹ̀lú.

7. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tàbí tó ní àtọ̀gbẹ, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Bí àyà bá ń dùn yín, tí òòyì ń kọ́ yín tàbí tí èémí kò délẹ̀, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ.

8. Ẹ pa ọjọ́ kan jẹ? Ẹ bẹ̀rẹ̀ padà lọ́jọ́ kejì, ẹ má dúró de ọjọ́ Ajé, ẹ má dúró de oṣù tuntun. Ẹ wá ẹnì kejì tí ẹ ó jọ máa ṣe é, ìyálé ilé kejì tàbí ẹlẹ́gbẹ́ àjọ. Mo tún ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin ọkọ. Aya yín ló ń kọ́kọ́ jí, òun ló ń sùn kẹ́yìn. Ẹ bá a pọn omi, ẹ bá a múra fọ́mọ, kó rí ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn fún ara rẹ̀. Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bí ẹ bá bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, ẹ padà lọ kí wọ́n tún un wọ̀n, kí ẹ sì gba ìtọ́jú. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́la.