Ohun tí Ìgbẹ́ Àbùùbùtán Sọ

Ọdẹ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í rí ìgbẹ́ ẹran ní ojú ọ̀nà kí ó gbójú fò ó. Yóò bẹ̀rẹ̀ wò ó bóyá ó tutù tàbí ó ti gbẹ, yóò sì mọ irú ẹran tí ó kọjá, ohun tí ó jẹ, àti ìgbà tí ó lọ. Ní ayé òde òní, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti mú ọgbọ́n yìí lọ síwájú: láti inú ìgbẹ́ ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá ara ẹranko balẹ̀ tàbí ìdààmú bá a.

Nígbà tí ẹ̀rù tàbí ìnira bá bá ẹranko, àwọn ẹ̀yà ara kékeré méjì tí ó wà lórí kíndìnrín a máa tú èròjà kan tí a ń pè ní họ́mónù sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ a gbé e káàkiri láti ta ara jí. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí, ẹ̀dọ̀ a fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, a bá òróòro wọ inú ìfun, a sì bá ìgbẹ́ jáde. Ìgbẹ́ wá dàbí àkọsílẹ̀ ohun tí ojú ẹranko náà rí ní wákàtí mélòó kan sẹ́yìn.

Ẹnìkan lè béèrè pé, èé ṣe tí a kò fi gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀? Ẹranko tí a lé, tí a mú, tí a sì gún ní abẹ́rẹ́ ti kún fún ẹ̀rù kí ẹ̀jẹ̀ tó jáde. Ẹ̀rù tí àwa fúnra wa dá sílẹ̀ ni a ó wá máa wọ̀n. Bí ó bá sì jẹ́ àbùùbùtán, ta ni yóò mú un?

Irú àbùùbùtán kan wà ní ìhà àríwá Òkun Àtìláńtíìkì, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní right whale. Kì í ṣe ẹja: ó ń mí afẹ́fẹ́, ó sì ń fún ọmọ rẹ̀ ní ọmú. Gígùn rẹ̀ a máa tó mítà 15. Àwọn ọdẹ òkun pa á nípakúpa láyé àtijọ́. Èyí tí ó kù báyìí kò tó 400.

Ní 1999, Rosalind Rolland ti New England Aquarium ní Boston bẹ̀rẹ̀ sí kó ìgbẹ́ wọn jọ ní Bay of Fundy, ní Kánádà. Ìgbẹ́ náà a máa léfòó fún ìgbà díẹ̀, òórùn rẹ̀ sì le. Wọ́n kọ́ ajá láti dúró níwájú ọkọ̀; ibi tí imú ajá bá kọjú sí ni awakọ̀ ń darí sí. Wọ́n fi àwọ̀n kó ìgbẹ́ náà, wọ́n gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò, wọ́n sì wọn họ́mónù inú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, 2001, àwọn apániláyà fi ọkọ̀ òfurufú kọlu Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ojú omi ṣọ̀wọ́n ní Bay of Fundy fún ìgbà díẹ̀, ariwo abẹ́ omi sì fi dẹ́síbẹ́lì 6 dínkù, èyí tí í ṣe òṣùwọ̀n ariwo. Nígbà tí wọ́n yẹ ìgbẹ́ àkókò náà wò, họ́mónù ìdààmú ti lọ sílẹ̀. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e, tí ọkọ̀ ń lọ tí ó ń bọ̀ bí ìṣe wọn, kò lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohùn ni àbùùbùtán fi ń pe ara wọn nínú omi. Ariwo ọkọ̀ a sì máa bo ohùn náà mọ́lẹ̀. Ní 2012 ni wọ́n tẹ àbọ̀ ìwádìí yìí jáde.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra. Họ́mónù a máa sọ pé ìdààmú wà. Kì í dárúkọ ẹni tí ó dá a sílẹ̀. Ebi lè mú un gòkè. Okùn apẹja tí ó wé mọ́ ẹranko lára lè mú un gòkè. Nítorí náà ni onímọ̀ fi gbọ́dọ̀ fi ọdún wé ọdún, kí ó sì fi ẹranko wé ẹranko, kí ó tó dájọ́.

Ẹranko kò lè rojọ́ ara rẹ̀ fún ọmọ ènìyàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní sùúrù, kí ó kó ohun tí ó jù sílẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ó máa lọ ní àlàáfíà.

Ìbéèrè
1. Èé ṣe tí ẹ̀jẹ̀ ẹranko tí a lé mú fi lè ṣì wá lọ́nà?
2. Kí ni ó fi hàn pé ariwo ọkọ̀ ń ni àbùùbùtán lára?