Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Dáàmù Kainji àti Ọjà Ẹja

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹgbẹ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹja gbígbẹ tí ẹ sì fẹ́ yáwó ẹgbẹ́.

Nígbà tí wọ́n parí dáàmù Kainji lórí odò Ọya ní 1968, iná mànàmáná ni gbogbo ayé ń sọ. Bussa àtijọ́ wọ abẹ́ omi. Ó lé ní 40,000 ènìyàn tí wọ́n kó kúrò nílé bàbá wọn.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ẹja. Nígbà tí adágún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kún, koríko àti igbó tí omi bò ń jẹrà nínú rẹ̀, ẹja rí oúnjẹ jẹ, ó sì pọ̀ rẹpẹtẹ ní 1970. Nígbà tí ìjẹrà tán, oúnjẹ tán. Kí 1978 tó dé, ẹja ti dín kù gidigidi. Ẹni tó bá fi èrè 1970 ṣírò ẹ̀yáwó, gbèsè ló ń rà o!

Ìsàlẹ̀ odò ńkọ́? Láti Jebba lọ sísàlẹ̀, àkúnya ọdọọdún ló máa ń bo fàdámà, tí ẹja ń yé ẹyin síbẹ̀, tí ẹrẹ̀ sì ń mú ilẹ̀ lọ́ràá fún iṣu àti ìrẹsì. Dáàmù dín àkúnya náà kù. Ẹja dín, oko dín.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ yáwó ṣòwò níbi tí iṣẹ́ ńlá ti bẹ̀rẹ̀, ìgbìmọ̀ yóò bi í pé: níbo ni omi yóò gbà lẹ́yìn iṣẹ́? Èrè ọdún wo ni ó fi ṣírò? Kí ó kọ ìdáhùn mọ́ fọ́ọ̀mù kí ó tó mú un wá.